Èsì: Ẹ má tíì ra sọ́fítíwià o

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá kí yunifásítì yín kọ́kọ́ ra sọ́fítíwià ìṣàkóso tuntun, kí ẹ tó wá kọ ètò ọdún mẹ́wàá. Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni dátà: ta ló láṣẹ láti tún àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe? Bí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ àti ti ìṣúná bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ẹnì kan náà, sọ́fítíwià tuntun kò ní parí ìjà yẹn.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń lo PeopleSoft, irú sọ́fítíwià ìṣàkóso bẹ́ẹ̀, nígbà tí Oracle, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwià mìíràn, ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ́dún 2005; kì í ṣe àwọn ló yan ẹni tuntun tí wọ́n ń bá dòwò pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀tọ́ yín láti kó gbogbo dátà yín jáde, lọ́nà tí ẹ̀rọ mìíràn fi lè kà á, wà nínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì tún inú sọ́fítíwià náà ṣe kọjá ohun tó pọn dandan. Gbogbo àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa dán wò lákọ̀tun nígbàkúùgbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé. Owó ìtọ́jú ọdọọdún àti ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ẹ fi í sínú ìṣúná láti ọdún àkọ́kọ́.