Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Bí A Ṣe Ń Yan Olùkọ́ fún Windsurfing

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí, ìlú London ni mo sì ń gbé. Ó wù mí láti kọ́ windsurfing, eré orí omi tí ènìyàn ń dúró lórí pátákó gbọọrọ tí ó ní ìgbòkun, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ní òun lè kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ ní etíkun. Mo tún rí ẹnì kan lórí Facebook tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àti ilé-ẹ̀kọ́ kan tí owó tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni yẹn. N kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wẹ̀. Ta ni kí n tẹ̀ lé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí sì ni kí n fi mọ olùkọ́ tí ó dára? — Ìyá Ìbejì, London

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé owó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó san án.

Ọ̀rẹ́ ọkọ yín lè jẹ́ ọ̀gá lórí omi, àmọ́ mímọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n kọ́ni, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká lórí dùndún ni ó lè kọ́ ọmọdé ní ìlù. Ohun èlò tirẹ̀ ni ó sì ṣeé ṣe kí ó gbé fún yín. Pátákó àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe máa ń kéré, ó sì lè máa rì mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ bí kò bá tíì sáré. Ìgbòkun wọn a sì wúwo láti fà sókè nínú omi. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílò pátákó fífẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 200 lítà, tí ó ní pátákó pẹlẹbẹ kan tí a ń tì bọ inú omi láàárín rẹ̀ kí ó má baà máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbòkun fífúyẹ́ tí ó wà láàárín mítà onígun mẹ́rin 3 sí 4 ni yóò bá obìnrin tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n mu. Ẹ béèrè nípa èyí ní ibikíbi tí ẹ bá dé, nítorí olùkọ́ tí kò ní ohun èlò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì múra láti kọ́ni.

Ní ti ẹni orí Facebook, ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kí ẹ tó bá a dúnàá dúrà. Ní Britain, Royal Yachting Association, tí a mọ̀ sí RYA, ni ó ń dá àwọn olùkọ́ windsurfing lẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ń fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí yóò gba ìwé náà gbọ́dọ̀ ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ó sì gbọ́dọ̀ lè wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, nítorí ọkọ̀ yẹn ni yóò fi wá gbé yín bí afẹ́fẹ́ bá gbé yín jìnnà. Lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí RYA fọwọ́ sí nìkan ni olùkọ́ ti lè ṣe ẹ̀kọ́ RYA, RYA sì máa ń ṣe àyẹ̀wò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí ẹni náà bá ní olùkọ́ RYA ni òun, ẹ bi í léèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ni, kí ẹ sì wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún lórí ìkànnì RYA. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní Start Windsurfing, sábà máa ń gba ọjọ́ méjì.

Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó, ó kàn ń fi hàn pé ẹni náà yege nígbà kan ni. Àmọ̀ràn tí mo kà sí jù ni pé kí ẹ lọ jókòó sí etí omi ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn mìíràn. Olùkọ́ gidi máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀: yóò gbé pátákó sórí iyanrìn tàbí koríko, yóò fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ han gbogbo wọn, yóò sì jẹ́ kí oníkálùkù gun orí rẹ̀, kí ó fi okùn fa ìgbòkun sókè, kí ó sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń wà, kí omi tó kàn wọ́n lára. Bí wọ́n bá wọ omi tán, ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ṣé gbogbo wọn ni ó ń wò, àbí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń ṣe dáadáa? Ní èrò tèmi, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bá ti ju mẹ́fà lọ lọ́wọ́ olùkọ́ kan, owó yín kò ní ra ìtọ́jú tí ó yẹ yín. Ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wà nítòsí, tí ẹni tí yóò wà á sì wà níbẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan kò bá gbà kí ẹ dúró wò, ẹ wá òmíràn.

Ohun tí ó ya olùkọ́ rere sọ́tọ̀ jù lọ ni bí ó ṣe ń ronú nípa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí eré rẹ̀ wà láàárín máìlì 4 sí 12 ní wákàtí kan ni ó dára fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ náà a di ti ìṣubú lásán. Ibi tí ó ń fẹ́ lọ tún ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe le tó. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sí agbami, etí omi máa ń parọ́rọ́, nítorí ilé àti igi ń dá a dúró, omi náà a sì dà bí èyí tí ó dára jù lọ fún ẹ̀kọ́. Àmọ́ bí ènìyàn bá ti rìn jìnnà díẹ̀, tí ilẹ̀ kò bo afẹ́fẹ́ mọ́, ńṣe ni yóò le sí i, yóò sì máa gbé ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń padà lọ sí ojú òkun. Ìdí nìyí tí etíkun tí kò sí ọkọ̀ tí ń ṣọ́ni, irú èyí tí ọ̀rẹ́ ọkọ yín sọ, fi ń bà mí lẹ́rù. Ẹ bi olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ yan pé, irú ọjọ́ wo ni ẹ kì í kọ́ni? Bí ó bá lè dáhùn ní kíákíá, tí ó sì sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ ní omi tirẹ̀ àti wákàtí tí omi òkun máa ń fà níbẹ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá owó yín wà bí òun bá fagi lé ẹ̀kọ́ nítorí ojú ọjọ́. Bí fífagi lé e bá ń mú un pàdánù owó, ó lè fẹ́ mú yín wọ omi ní ọjọ́ tí kò yẹ.

Omi náà ńkọ́? Àwọn adágún ńlá tí wọ́n fi ń pọn omi London, irú Queen Mary tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, kò ní omi òkun tí ń wọlé tí ń jáde. Bí ẹ bá lè rin ìrìn-àjò, apá ibi púpọ̀ ni ó wà ní Poole Harbour, ní gúúsù England, tí omi rẹ̀ kò jìn, tí ẹni tí ó bá ṣubú lè dìde dúró. Fún ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wẹ̀, irú omi bẹ́ẹ̀ ni mo fara mọ́. Ẹ sọ òtítọ́ nípa ìwẹ̀ yín ní ọjọ́ tí ẹ bá pè wọ́n. Ẹ̀wù amúniléfòó jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ díẹ̀ kún un kí ẹ tó lọ, nítorí ìbẹ̀rù omi kì í jẹ́ kí etí gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ yín pé ẹ kò gbọdọ̀ fi pátákó yín sílẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ wá sí èbúté, àti bí ẹ ó ṣe na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, tí ẹ ó máa gbé wọn sókè sódò, láti fi pe ìrànlọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjìlá, fẹ́ lọ kọ́ windsurfing nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Èmi kò ní sí níbẹ̀. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn? — Bàbá Tèmítọ́pẹ́, Southampton

Ìdáhùn: Bàbá Tèmítọ́pẹ́, gbogbo ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì kàn yín, ṣùgbọ́n òfin wà lẹ́yìn tiyín. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kú ní Lyme Bay, ní etíkun gúúsù England, nígbà tí ibùdó eré kan kó wọn lọ fi ọkọ̀ kékeré wakọ̀ lójú òkun. Ikú wọn ni ó bí òfin ọdún 1995, tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ibùdó tí ń gba owó láti kọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ní irú eré bẹ́ẹ̀, láìsí òbí wọn níbẹ̀, gba ìwé àṣẹ. Windsurfing lórí òkun wà lára wọn. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ náà ní tààràtà. Òfin náà yọ àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn nìkan sílẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ní àwọn kò nílò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò DBS, èyí tí ń fi hàn bóyá ẹnì kan ti dá ọ̀ràn rí, fún àwọn olùkọ́, àti iye mítà tí ìgbòkun tí wọn yóò gbé fún ọmọ yín jẹ́. Ìgbòkun ọmọ ọdún méjìlá kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àgbàlagbà. Ọmọ tí kò bá lè fà á sókè yóò rò pé òun ni kò mọ nǹkan ṣe, yóò sì kórìíra eré náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí òun àti yín jọ lọ wo ibùdó náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Mo ń gbé ní Houston. Mo san owó ẹ̀kọ́ márùn-ún fún olùkọ́ kan ní apá Corpus Christi. Méjì ni mo tíì gbà. Ọ̀sán ni ó máa ń mú mi wọ omi, ohun tí ó sì ń pariwo láti èbúté kò ju "Dìde! Tún un ṣe!" lọ. Títí di ìsinsìnyí, n kò lè lọ kí n sì padà síbi tí mo ti gbéra. Ṣé agbára mi ni kò tó ni, àbí kí n wá ẹlòmíràn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Houston

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Ẹni tí ó bá tẹ orúnkún, tí ó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gbọnrangandan, tí ó sì fi ìwúwo ara rẹ̀ fa ìgbòkun dípò apá, kì í tètè rẹ̀. Bí a bá sì dá òpó ìgbòkun síwájú, pátákó á yí kúrò lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́. Bí a bá dá a sẹ́yìn, á yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti gbéra nìyẹn, ó sì yẹ kí olùkọ́ yín ti fi hàn yín lórí ilẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. "Dìde" kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Omi ẹ̀bá ibẹ̀ dára gan-an: Bird Island Basin, ní Laguna Madre, kò jìn, àwọn oníwindsurfing Amẹ́ríkà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àkókò ni kò dára. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń le sí i ní ọ̀sán ní etíkun yẹn, àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe sì ni ó wà fún. Ẹ sọ fún olùkọ́ yín pé òwúrọ̀ ni ẹ fẹ́, pé kí ó fún yín ní ìgbòkun tí ó kéré sí èyí tí ẹ ń lò, kí ó sì wọ inú omi dúró tì yín, níwọ̀n bí omi kò ti jìn. Bí ó bá gbà, ẹ gba ẹ̀kọ́ kẹta lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi wò ó. Bí ó bá kọ̀, ẹ gba owó ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ó kù, kí ẹ sì wá olùkọ́ tí US Sailing, àjọ eré ọkọ̀ ìgbòkun ní Amẹ́ríkà, fún ní ìwé-ẹ̀rí windsurfing.