Git Ń Fi Orúkọ Akẹgbẹ́ Mi Wọlé sí GitHub

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Windows kan ṣoṣo ni èmi àti akẹgbẹ́ mi jọ ń lò níbi iṣẹ́. Bí mo bá ní kí n lo Git, ètò tí ń tọ́jú àyípadà inú kóòdù, láti fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí GitHub, ìkànnì tí a ń kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí, àṣìṣe 403 ni mo máa ń rí, wọ́n á sì ní akẹgbẹ́ mi kò ní àṣẹ. Mo ti yí user.name padà, kò yàtọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. user.name tí ẹ yí padà kò lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí rárá, nítorí orúkọ tí Git ń kọ sára iṣẹ́ lásán ni, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń fọwọ́ sí ìwé. Ohun tí ó ń ṣílẹ̀kùn GitHub ni tókìnì (àmì àṣírí tí a ń lò dípò páásíwọ́ọ̀dù) tí akẹgbẹ́ yín fi wọlé nígbà kan, tí kọ̀ǹpútà sì fi pamọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. GitHub mọ ẹni tí ó kanlẹ̀kùn dáadáa. Ẹni náà kọ́ ni ẹ̀yin.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí tókìnì náà wà. Nínú tẹ́mínàlì (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), ẹ tẹ git config --show-origin --get-all credential.helper. Yóò sọ irinṣẹ́ tí ń bá Git tọ́jú tókìnì. Bí ó bá dáhùn pé manager, ẹ ṣí Control Panel, ẹ wọ Credential Manager, kí ẹ sì wá git:https://github.com lábẹ́ Windows Credentials. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún akẹgbẹ́ yín kí ẹ tó pa á rẹ́, nítorí òun náà yóò ní láti wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Git bá tún béèrè, ẹ gba orí búráúsà wọlé tàbí kí ẹ lo tókìnì tiyín. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni GitHub kò ti gba páásíwọ́ọ̀dù fún Git mọ́.

Bí ó bá dáhùn pé store, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú fáìlì .git-credentials ni tókìnì náà wà, ní gbangba, ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí i yóò kà á. Pípa fáìlì náà rẹ́ nìkan kò tó: tókìnì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí akẹgbẹ́ yín yóò fi fagi lé e nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí GitHub.

Kí èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀, ohun tí mo fara mọ́ jù lọ ni kí olúkúlùkù yín ní àkáǹtì Windows tirẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi orúkọ GitHub yín ṣáájú àmì @ nínú àdírẹ́sì iṣẹ́ náà, báyìí: https://orúkọyín@github.com/, kí manager lè ya tiyín sọ́tọ̀ kúrò lára ti akẹgbẹ́ yín. Èyí yóò dá ìdàrúdàpọ̀ dúró, àmọ́ kò dáàbò bo tókìnì yín, nítorí ẹni tí ó bá jókòó sínú àkáǹtì Windows kan náà ṣì lè lò ó.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ tẹ git remote -v, yóò fi àdírẹ́sì tí Git ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí hàn. Bí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú git@, SSH (ọ̀nà ìwọlé mìíràn tí ń lo kọ́kọ́rọ́ dípò tókìnì) ni ẹ ń lò, Credential Manager kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ tẹ ssh -T git@github.com, yóò sọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.