Èsì: Kí ló dé tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 fi yọrí, tí ti 1976 sì dàrú?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹ ń ṣiyèméjì sí ètò ńláńlá tí ìjọba ń kéde, pé ìjọba kan náà ni gbogbo wọn, kí ló wá fa ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti ti ìjọba àpapọ̀ ní 1976?

Iye ọmọ ni ìjọba àpapọ̀ ò mọ̀. Nígbà tí UPE (ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà) bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1976, bíi mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni wọ́n ń retí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ló ya dé. Ìjọba tó ka ènìyàn ní 1973, tí àbájáde rẹ̀ di ìjà títí wọ́n fi wọ́gi lé e, níbo ni yóò ti rí iye gidi? Nígbà tí owó epo sì rọlẹ̀, ẹrù náà já lé ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lórí.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn, 1952 ni Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn, ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 kalẹ̀. Wọ́n ráyè kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ráyè wá olùkọ́, owó kòkó sì wà lẹ́yìn wọn.

Àmọ́ (àwọn ọmọ Awo, ẹ má bínú) àwọn náà ò ka iye ọmọ náà pé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá, ìkùnsínú lórí ìmọ̀ àwọn ọmọ sì wà lára ohun tó bí ìgbìmọ̀ Banjo, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ náà wò.

Nítorí náà iyèméjì yín tọ́, pàápàá níbi tí ẹni tó ń ṣètò bá ti jìnnà sí ẹni tí ètò wà fún. Tí ìjọba bá kéde irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, ẹ bi wọ́n:

1. Ta ló ka àwọn tó máa jàǹfààní, nígbà wo?
2. Tí owó epo bá já, owó wo ló kù?

Bí wọn ò bá rí èkíní dáhùn, ẹ má wulẹ̀ béèrè èkejì.