Ṣé tí mo bá sinmi, mò ń ja Ọlọ́run lólè ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa sà. Mò ń san ìdámẹ́wàá mi déédéé, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo tún wà lẹ́gbẹ́ aládùúrà, bóyá ni ìrọ̀lẹ́ kan fi máa kọjá tí mi ò ní sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, kí n máa sinmi, ìyàwó mi náà ní òun àtàwọn ọmọ ò rí mi mọ́. Àmọ́ wọ́n kọ́ wa pé ìríjú ni wá, Ọlọ́run ló ni àkókò wa. Tí mo bá dín in kù, ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?

Ìdáhùn: Bùrọ̀dá mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Òótọ́ ni pé ìríjú ni yín, ibi tẹ́ ẹ fi mọ ni mi ò fara mọ́. Gbogbo nǹkan tó wà lọ́wọ́ ìríjú, ọ̀gá ẹ̀ ló ni ín, ẹ̀yin wá ka owó àti ìrọ̀lẹ́ yín mọ́ ti Ọlọ́run, ẹ wá ń lo ara yín àti ilé yín nílòkulò bíi pé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. Ta ló ni ara yẹn gan-an? Pọ́ọ̀lù ní ẹ kì í ṣe ti ara yín, wọ́n ti fi iye kan rà yín (1 Kọ́ríńtì 6:19-20). Ọ̀rọ̀ àgbèrè làwa pásítọ̀ sábà máa ń fi ẹsẹ yẹn bá wí, ó sì tọ̀nà, àmọ́ ó kan ẹ̀jẹ̀ ríru yín náà.

Ẹ rántí àkàwé tálẹ́ńtì nínú Mátíù 25, níbi tí ọ̀gá kan tó ń rìnrìn àjò ti fi tálẹ́ńtì, ìyẹn owó, síkàáwọ́ àwọn ìránṣẹ́ ẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá yẹn ò pín in dọ́gba, ó fún ọ̀kan ní 5, ó fún èkejì ní 2, ó fún ẹ̀kẹta ní 1, kálukú bí agbára ẹ̀ ṣe mọ. Nígbà tó wá dé, ìyìn tó fún ẹni tó gba 5, òun náà ló fún ẹni tó gba 2. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹni tó gba 2 lọ yá 3 sí i kó lè dà bí ẹnì kejì ẹ̀. Ẹni tó ri tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n pè ní ọ̀lẹ, ẹni tó ń sinmi kó lè tún ṣiṣẹ́ ò jọ ìyẹn rárá, Jésù fúnra ẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ò ráyè jẹun, ó ní kí wọ́n wá síbi tí ò sí èrò kí wọ́n sinmi díẹ̀ (Máàkù 6:31).

Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe wà nínú Ẹ́kísódù 18. Mósè jókòó látàárọ̀ dalẹ́ ó ń dá ẹjọ́ fáwọn èèyàn, iṣẹ́ Ọlọ́run sì ni o, síbẹ̀ Jẹ́tírò bàbá ìyàwó ẹ̀ ní ohun tó ń ṣe yẹn ò dáa, ó máa dá ara ẹ̀ àtàwọn èèyàn náà lágara. Kò ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kó yan àwọn míì tó lè bá a gbé e. Torí náà, nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ má kàn sá o, ẹ lọ bá olórí ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí dókítà sọ, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n rí ẹni tó máa gbapò yín. Àwọn kan á ní iná ẹ̀mí yín ti ń jó rẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Àwọn ìrọ̀lẹ́ tó bá wá ṣẹ́ kù, ẹ má tún fi gba iṣẹ́ míì, ẹ bá ìyàwó yín jókòó kó sọ èyí tó fẹ́ níbẹ̀. Tí dókítà bá sì kọ oògùn fún yín, ẹ máa lò ó bó ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dà á nù láti fi hàn pé ẹ nígbàgbọ́, ẹ má dá a lóhùn.