Eyín ìsàlẹ̀ ọmọ tó yọ ju ti òkè: ẹ má dúró títí yóò fi dàgbà

Òkun o, màmá wa ní Mọ̀pà. Ẹ ní bí ọmọ yín ọlọ́dún 8 bá pa ẹnu dé, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wà níwájú ti òkè, àwọn ará ilé sì ní kí ẹ jẹ́ kó pé 20 ná. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Eyín ẹ̀yin fúnra yín tó yọ síta lè dúró, ti ọmọ ni kò gbọdọ̀ dúró.

Eyín kò lẹ̀ mọ́ egungun gbagidi, iṣan tín-ín-rín ló so ó rọ̀. Bí wáyà tí wọ́n ń dè mọ́ eyín láti tò ó bá ń tì í díẹ̀díẹ̀, egungun tó wà níwájú rẹ̀ á máa yọ́, tuntun á máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ṣeé ṣe fún àgbàlagbà náà: mo ti lé ní 40 kí wọ́n tó de wáyà mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wáyà kì í sún egungun àgbọ̀n fúnra rẹ̀. Ti ọmọdé ṣì ń dàgbà, dókítà lè fẹ àjà ẹnu rẹ̀, kó sì fi rọ́bà tó so mọ́ ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ojú fa àgbọ̀n òkè wá síwájú. Kó tó pé 10 ló dáa jù. Bó bá ti gbó, ó lè di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ohun tí wọ́n sọ fún àbúrò mi nìyẹn. Títí dòní, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń gé ẹran.

Ó sì lè jẹ́ eyín nìkan ló yà, kí àgbọ̀n má ní àlébù. Ìyẹn rọrùn. Ẹ́síréè ló máa sọ.

Dókítà tó kọ́ṣẹ́ títo eyín ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe ẹni tó ń yọ eyín nìkan. UCH Ìbàdàn ni èmi lọ. Owó ọkọ̀ láti Kàbà kì í ṣe kékeré, torí bí oṣù kan sí oṣù kan àtààbọ̀ ni wọ́n ń pe èèyàn. Ẹ gba ìda tí wọ́n fi ń bo ẹnu wáyà dání wálé, ẹ ò ní rí i rà nítòsí lóru tó bá ń gún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ kúlíkúlí, ìrèké tàbí egungun. Àgbàdo, ẹ máa fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ kúrò lórí ṣùkù.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe tiyín, tí ẹ sì ní èjí, ẹ tètè sọ pé kí wọ́n má pa á dé. Èmi sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ṣì wà níbẹ̀!

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú wáyà, ike kan wà tí wọ́n á ní kó máa wọ̀ sùn. Kó má fi í sílẹ̀, eyín á rìn padà. Kó má sì gbé e sórí tábìlì, ajá fẹ́ràn àtijẹ ẹ́.