Ẹgbẹ́ olórin Kòríà láti kọ́ńpìnnì kékeré: ohun tójú èmi rí nídìí ẹ̀ rèé

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní àwọn ọmọbìnrin márùn-ún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Kòríà, orin wọn wù ẹ́, kọ́ńpìnnì wọn ò lórúkọ, o wá ń béèrè bóyá wọ́n ṣì lè blow àti pé ṣé tá a bá ń tẹ fídíò wọn lójoojúmọ́ tá a sì ń dìbò fún wọn, ṣé ó máa tó. Jẹ́ kí n sọ tèmi torí mo ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí.

Láti 2016 dé 2019 èmi náà ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Nugu làwọn ará Kòríà ń pe irú wọn, bí ìgbà téèyàn bá ní "ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Àwa mẹ́ta là ń bójú tó péèjì wọn lórí Twitter, èmi n'Íbàdàn, ẹnì kan ní Brazil, ẹnì kan ní Philippines. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni orin tuntun sábà máa ń jáde ní Seoul, aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wa, tíṣà sì ni mí, so àwọn ọmọ á máa kọ nóòtù, èmi á ti fóònù sábẹ́ dẹ́sìkì, mo ń tẹ fídíò kan náà ní àtẹ̀tún-tẹ̀. Tó bá tún di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n máa jáde lórí The Show, ètò orin tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń dìbò sí, ìbò ló kù. Iye dátà tí mo jó nígbà yẹn, mi ò lè sọ ọ́ lójú ọkọ mi títí dòní.

Agbọ̀n la fi ń pọnmi. Nígbà yẹn, áàpù kan tó ń jẹ́ Melon lọ̀pọ̀ ará Kòríà fi ń gbọ́ orin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ orin tó ń lọ nígboro, ẹni tí ò bá ní nọ́ńbà fóònù Kòríà, àtiwọlé ẹ̀ gan-an wàhálà ni. Àwa tá a wà lóde yìí, bá a pọ̀ bí eṣú, a ò lè fi ìka kan ti orin yẹn sókè níbẹ̀.

Mo tún wá gbowó lọ́wọ́ èèyàn 23 pé ká jọ ra álíbọ́ọ̀mù, Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta. Páálí yẹn há sọ́dọ̀ kọ́sítọ̀ọ̀mù, àwọn èèyàn ń pè mí ní olè nínú DM, nígbà tó máa dé ẹgbẹ́ náà ti túká. Mo ṣí ẹyọ kan, fọ́tò kékeré tó já bọ́ síta, ọmọ tó ti kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sunkún, kí n má purọ́.

Ohun tí mo wá rí lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí àwọn tó là ṣe là, ni pé kì í ṣe akitiyan fáànù lásán ló ń gbé wọn jáde. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló máa ń dédé ṣí níbi tẹ́nikẹ́ni ò fojú sí, ìbéèrè tó wà ńbẹ̀ sì ni pé ṣé ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà pa pọ̀ lọ́jọ́ tó máa ṣí.

Wo ẹgbẹ́ olóbìnrin EXID. 2012 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n gbé orin Up & Down jáde lóṣù August 2014, kò lọ, wọ́n pa á tì. Ní October fáànù kan lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ó kọjú kámẹ́rà sí Hani, ọ̀kan nínú wọn, nìkan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó gbé e sórí YouTube. Orin tó ti kú jí, ó gun àtẹ padà, tẹlifíṣọ̀n tún ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá kọ ọ́, January 2015 ni wọ́n gba ife lórí ètò orin tẹlifíṣọ̀n M Countdown. Ká ní wọ́n ti túká ní September ńkọ́?

Ti Brave Girls ló wá ju gbogbo ẹ̀ lọ. Orin wọn Rollin' jáde ní March 2017, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ kọrin fáwọn sọ́jà ní bárékè, títí dé erékùṣù Baengnyeong lẹ́bàá ààlà North Korea, ibi tó jìnnà débi pé ẹgbẹ́ ńlá ò ní yà síbẹ̀. Ẹ sì rántí pé ní Kòríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkùnrin tí kì í wọ iṣẹ́ ológun, so ṣe ni sọ́jà tó ń lọ sílé ń fi orin yẹn lé sọ́jà tó ń wọlé lọ́wọ́ bí ẹní fogún sílẹ̀. Ní February 2021 ẹnì kan kó fídíò àwọn eré yẹn pọ̀, àwọn sọ́jà ń fò sókè bí ẹni tí ẹ̀mí gbé, ó lẹ kọ́mẹ́ǹtì tó ń pani lẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Nígbà yẹn àwọn ọmọbìnrin yẹn ti kó ẹrù kúrò nílé tí kọ́ńpìnnì gbà fún wọn, ọ̀rọ̀ àtitúká ni wọ́n ń sọ. March ò tíì parí tí orin ọlọ́dún mẹ́rin fi bọ́ sípò kìíní. Ọdún mẹ́rin o!

GFRIEND náà, òjò ló rọ̀ sórí pèpéle ní 2015, Yuju, ọ̀kan nínú wọn, ń ṣubú ó ń dìde, ó ń ṣubú ó ń dìde, gbogbo ayé wò ó.

Àwọn míì ò dúró de orí ire nílé. Ẹgbẹ́ ọlọ́kùnrin ATEEZ jáde ní October 2018, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń káàkiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọn ò tíì gba ife kankan nílé nígbà yẹn, December 2023 ni wọ́n wá gba ipò kìíní lórí Billboard 200, àtẹ álíbọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà. BTS pàápàá, kọ́ńpìnnì kékeré ni Big Hit ní 2013, fídíò tí àwọn ọmọ náà jókòó síwájú kámẹ́rà tí wọ́n ń rojọ́ ọkàn wọn ni wọ́n ń gbé sórí YouTube, ó gbà wọ́n tó ọdún méjì kí wọ́n tó gba ife àkọ́kọ́ ní May 2015.

Tó o bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tìẹ lè pẹ́ débẹ̀, gbàgbé iye èèyàn tó wo fídíò. Wò ó bóyá wọ́n ń ríṣẹ́ ṣe lóde, pàápàá ayẹyẹ yunifásítì tó máa ń wà ní May, torí pèpéle tẹlifíṣọ̀n kì í mówó wọlé, ṣe ló ń jẹ owó, aṣọ, àtíkè, oníjó, gbogbo ẹ̀ lọ́rùn kọ́ńpìnnì, tọ́pọ̀ wọn á sì yọ ọ́ lórí àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó rí kọ́bọ̀. Ayẹyẹ yẹn ló ń fún wọn ní owó oúnjẹ. Bí kọ́ńpìnnì bá ti ń dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà láìsí iṣẹ́ kankan, àbúrò, múra ọkàn ẹ sílẹ̀.

Àti pé blow gan-an kì í ṣe òpin ìjà. FIFTY FIFTY jáde ní November 2022, orin wọn Cupid jáde ní February 2023, àwọn ará TikTok sáré gbé orin yẹn, oṣù bíi mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n jáde wọ́n ti wọ Billboard Hot 100, àtẹ orin Amẹ́ríkà, wọ́n dé ipò 17. Nígbà tó di June ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ àti kọ́ńpìnnì. Nínú àwọn mẹ́rin, Keena nìkan ló padà sí kọ́ńpìnnì.

So ohun tí wàá ṣe: fi ìbò sílẹ̀. Mú ibi tó dáa jù nínú ijó wọn, ìṣẹ́jú àáyá 15, ojú ẹnì kan ṣoṣo, gbé e síbi táwọn tí ò mọ̀ wọ́n rí ti ń kọjá. Kọ ìtumọ̀ orin wọn sí i. Ra ẹyọ álíbọ́ọ̀mù kan tó o bá lówó, má gbowó ẹnikẹ́ni!

Fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi, màá wò wọ́n lálẹ́ òní tí iná bá wà. Álíbọ́ọ̀mù mẹ́rin tí àwọn olówó wọn ò wá gbà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi o, tó o bá wà n'Íbàdàn, wá mú ọ̀kan.