Ráútà tó ń kú bí iná bá ti lọ ní Kàbà

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n. Ráútà tẹ́ ẹ ní ó ń kú níjọ́ gbogbo tí iná bá lọ, kò nílò inverter ńlá. Mini UPS, ìyẹn àpótí bátìrì kékeré tó ń fún ráútà níná bí iná bá lọ, ti tó o: ẹ so ó sáàárín ṣájà àti ráútà. Bí iná bá lọ, ráútà ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ara ṣájà yẹn. Bí wọ́n bá kọ 9V (ìyẹn fóltì 9) sí i, ẹ má fi mini UPS 12V sí ráútà náà, ó lè jó o.

Ó kù kan o. Nígbà tí iná bá lọ, ṣé fóònù yín ṣì ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà? Bí òpó ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà bá ń kú pẹ̀lú iná, owó tẹ́ ẹ fi ra mini UPS á kàn ṣòfò ni.

Ní ti áláàmù olè ilé yín tẹ́ ẹ tún ní ó ń ké píì-píì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bátìrì inú rẹ̀ ló ti gbó. Ọdún 3 sí 5 ló sábà máa ń lò. Tèmi ní Mọ̀pà ti wú kí n tó ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bátìrì tuntun náà gba iná fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín pa iná ilé, kẹ́ ẹ dán áláàmù náà wò bóyá á ṣì dún.